Oókan Tó Nímú

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àwa tí a wà nínú yàrá náà ni akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní mọ́kànlélógójì, èmi olùkọ́ wọn, àti ọ̀gá ẹ̀ka wa, obìnrin kan tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ń pè ní Dókítà. Ẹ̀yìn pátápátá ló jókòó sí, ó gbé ìwé lé itan. Aláǹgbá kan náà wà lára ògiri, ṣùgbọ́n kò forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ náà.

Iṣẹ́ mi lọ́jọ́ náà ni láti fi ìtàn kọ̀ǹpútà han àwọn ọmọ náà, láti orí ìlẹ̀kẹ̀ tí àwọn ará àtijọ́ ń tì síwá sẹ́yìn láti fi ṣírò, títí dé orí fóònù tó wà lápò wọn. Mo ti sọ̀rọ̀ dé ibi tí ẹ̀rọ ti kọ́ láti máa fi àmì méjì péré ṣe gbogbo ìṣirò rẹ̀: oókan àti òdo. Mo yíjú sí pátákó, mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìlà mẹ́fà gbáko. Ìkọ̀wé mi mọ́. Inú mi dùn sí i.

Nígbà tí mo yíjú padà, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè. Dámilọ́lá ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Erio, iwájú ló máa ń jókòó sí.

"Sà, ẹ ní àmì méjì péré ni ẹ̀rọ náà mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Oókan àti òdo."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí wá ni gbogbo eéje yìí ń wá níbẹ̀, sà?"

Mo wo pátákó. N kò rí eéje kankan. Mo wo ojú wọn. Gbogbo wọn ló rí eéje. Mo rìn lọ bá Dámilọ́lá, mo wo ìwé rẹ̀: eéje àti òdo, eéje àti òdo, ìlà mẹ́fà. Mo wo ti ẹni tó jókòó tì í. Bákan náà. Ọmọkùnrin kan tilẹ̀ ti kọ àlàyé sí ìsàlẹ̀ tirẹ̀ pé: "Kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ mọ òdo àti eéje nìkan. Oókan kò tíì dé nígbà náà."

"Oókan ni gbogbo ìwọ̀nyí," mo ní.

"Sà, oókan wo ló nímú?" ẹnìkan sọ láàárín wọn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀.

Mo ní láti ṣàlàyé imú náà. Ọmọ Kétu ni mí, Kétu tó wà ní òdìkejì bọ́dà, níbi tí àwọn Faransé ti kọ́ wa ní ìwé. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá fẹ́ kọ oókan á kọ́kọ́ fa ọwọ́ gòkè díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kó tó wá fà á wá sílẹ̀. Ìyẹn ni imú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í mú fún eéje, a máa ń fa ìlà kan gba ìdí eéje kọjá. Ìyẹn ni ìgbàjá rẹ̀. Oókan nímú, eéje di ìgbàjá, olúkúlùkù mọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà, oókan kò nímú, eéje kò sì di nǹkan kan. Oókan mi dé ojú wọn, ó di eéje.

Mo pẹ́ kí n tó wọ ilé ìwé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, nítorí bàbá mi ń fi mí ṣiṣẹ́ lóko. Pàṣán ni olùkọ́ mi fi kọ́ mi ní imú yẹn. Ohun tí a bá fi pàṣán kọ́ni kì í tètè kúrò lọ́wọ́ ẹni. Nígbà tí mo gbéyàwó, èmi náà kọ́ ìyàwó mi ní nọ́ńbà, láìsí pàṣán. Ó wo oókan tí mo kọ, ó ní, "Oókan rẹ yìí ń gbóòórùn ọbẹ̀." Imú oókan tirẹ̀ wá gùn ju tèmi lọ. Ó ti di ọdún mẹ́rin báyìí tó ti ṣaláìsí.

Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ilé náà pọ̀ ju èyí tí èmi pàápàá lè gbà lọ. Ogún ọdún ni mo fi tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti kọ̀ǹpútà ṣe, kí n tó gba oyè yunifásítì ní ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Nígbà tí mo gbọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ kan ní agbègbè Ìjerò ń wá ẹni tó mọ ẹ̀rọ àtijọ́, mo dìde. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló ń sáré lọ kàwé ní Kútọnu. Èmi gba ọ̀nà òdìkejì.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Àbẹ̀kẹ́ ni orúkọ rẹ̀, aṣọ ló ń rán ní Kétu. Kò fẹ́ kí n lọ. A jọ ṣe àdéhùn: ọdún kan péré, kí n padà wálé. Ọjọ́ tí mo dé, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù kan. Ìbéèrè kan níbẹ̀ ni pé ọdún mélòó ni mo fẹ́ lò pẹ̀lú wọn. Mo kọ nọ́ńbà kan péré síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ti ṣèlérí fún ọmọ mi.

Mo ti rò pé bí mo tilẹ̀ lọ sí ìlú òkèèrè, èdè kò ní jẹ́ ìṣòro mi. Yorùbá ni mí, Yorùbá ni wọ́n. Ọjọ́ tí mo dé Ìjerò, obìnrin tí mo gba yàrá ní ilé rẹ̀ jáde wá pàdé mi. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ Odò-Ọwà, Màmá Tíṣà ni wọ́n ń pè é.

"Ẹ káàbọ̀ sí ulé," ó ní.

Mo rò pé Ulé ni orúkọ àdúgbò náà. Ó ní uṣu wà nínú abọ́, mo sì dúró kí ó ṣí abọ́ náà kí n tó mọ ohun tí mo fẹ́ jẹ. Ó ní kí n má fọwọ́ kan uná. Lọ́sẹ̀ kẹta ni mo dẹ́kun wíwá lẹ́tà "i" kiri ìlú náà. Àwọn náà ń fi tèmi ṣe yẹ̀yẹ́. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́ ní bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, ó dà bí ẹni pé mo ń kọrin tí mo sì ń bẹ̀rù kí ẹnikẹ́ni gbọ́.

Màmá Tíṣà gba nọ́ńbà fóònù mi. Mo kọ ọ́ sí ìwé pélébé kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Oṣù méjì kọjá, kò pè mí rí. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Sà, nọ́ńbà tí ẹ fún mi, obìnrin kan ló máa ń dáhùn pé kò sí nọ́ńbà bẹ́ẹ̀."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, mà."

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni gbogbo ènìyàn ń dá lẹ́bi. Kì í fèsì.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ àjòjì yìí dáadáa, pàápàá ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí gbogbo ilé bá ti jẹ iyán tán tí ìlú pa lọ́lọ́. Bí mo bá wà ní ibi tí wọn kò gbọ́ èdè mi, èdè ni ǹ bá dá lẹ́bi. Níbí, a gbọ́ ara wa. Wọ́n ń kí mi dáadáa, wọ́n ń bi mí bí mo ṣe sùn, wọ́n ń fi ẹran kún ọbẹ̀ mi. Síbẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀ tó dùn jù, wọ́n á yí padà sí èdè ulé, èmi á sì máa rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn bá ti rẹ́rìn-ín tán.

Lẹ́yìn kíláàsì ọjọ́ náà, Dókítà ránṣẹ́ pè mí. Ìwé akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta wà lórí tábìlì rẹ̀.

"Ẹ jókòó, sà. Ẹ wo ìwọ̀nyí."

Mo wò wọ́n. Eéje kún ibẹ̀ bí eéṣú.

Mo ṣàlàyé imú, mo ṣàlàyé ìgbàjá. Ó gbọ́ mi jálẹ̀.

"Mo gbọ́ yín," ó ní. "Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìwé àwọn ọmọ ni wọ́n máa gbé wọ ìdánwò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, ẹ tún ẹ̀kọ́ yìí ṣe. Màá wá. Tí ọ̀rọ̀ bá tún dàrú mọ́ wọn lójú, mo ní láti gbé kíláàsì náà fún ẹlòmíràn. Ẹni náà ti wà nílẹ̀."

"Ẹ ṣé, mà."

"Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Fọ́ọ̀mù tí ẹ kọ nígbà tí ẹ dé ni kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló jẹ́ kí n fún yín ní ọ̀sẹ̀ kan."

Kò yé mi. N kò sì béèrè. Ìyàwó mi máa ń sọ pé bí iná bá ń jó mi lẹ́sẹ̀, n kò ní béèrè ẹni tó dá a.

Nígbà tí ọ̀sán fi máa pọ́n, mo ti di Bàbá Méje. Mo dé ẹnu géètì, obìnrin oníbúrẹ́dì na búrẹ́dì sí mi.

"Bàbá Méje, ṣé ẹyọ kan ni ẹ fẹ́, àbí kan tiyín?"

Mo pe Àbẹ̀kẹ́ ní ìrọ̀lẹ́.

"Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

"Kí lẹ jẹ?"

"Iyán."

"Ìyẹn náà lẹ jẹ lánàá."

"Ìjerò nibí."

Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí tí fóònù fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe balẹ̀.

"Bàbá, ẹ máa bọ̀ wálé jàre," ó ní nígbà tó gbé e. "Ẹ máa bọ̀ níbi tí oókan ti ń jẹ́ oókan."

"Bí kò bá dára lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ń bọ̀ kó tó di Sátidé."

"Màá gbá yàrá yín sílẹ̀."

Ó yá a lẹ́nu jù. Mo gbọ́ ayọ̀ nínú ohùn rẹ̀, n kò sì lè bá a wí. Èmi náà mọ bí ilé tó ṣófo ṣe rí. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ lọ bẹ́ẹ̀. Mo ti tún ẹ̀rọ púpọ̀ ṣe láyé mi. Èyí tí mo bá dá padà fún olówó rẹ̀ láìtún un ṣe máa ń dùn mí fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Màmá Tíṣà. Ìjerò kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ìwé onílà-méjì tí àwọn ọmọ kékeré fi ń kọ́ ìkọ̀wé síwájú mi lórí tábìlì ìjẹun.

"Ẹ mú bírò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lókè, ẹ fà á wá sílẹ̀. Ó tán."

Mo fà á. Ìlà àkọ́kọ́ dúró gbọnrangandan bí òpó ọgbà. Ìlà kejì dára. Ní àárín ìlà kẹta, ó wo ìwé náà láti orí awò ojú rẹ̀.

"Ó ti ń yọ imú."

"Ọwọ́ mi ni, mà."

"Ọwọ́ ta ni ẹ fẹ́ kó jẹ́ tẹ́lẹ̀? Ẹ tún un kọ."

Mo ń tún un kọ lọ́wọ́ nígbà tó dìde lọ sídìí fíríìjì. Ó já ìwé pélébé náà, ó wò ó títí. Ó mú fóònù rẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà. Gbogbo ibi tó ti ń tẹ eéje tẹ́lẹ̀, oókan ló tẹ̀ síbẹ̀. Fóònù mi dún lápò mi. A wo ara wa. Kò pa fóònù rẹ̀, nítorí náà mo gbé tèmi.

"Hẹ́lò," mo ní.

"Hẹ́lò. Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni, mà. Èmi tí mo gba yàrá."

"Ẹ káàbọ̀ sí ulé, sà," ó ní, ó sì pa á.

Ó ti di oṣù mẹ́ta tí mo ti wà nílé náà.

Títí di Sátidé, mo ti lè kọ ojú ewé kan láìsí imú, bí n kò bá ronú nǹkan mìíràn. Ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Nínú kíláàsì, mo ní láti ronú nǹkan mìíràn. Mo dán an wò: mo ń sọ ìtàn ẹ̀rọ àtijọ́ fún Màmá Tíṣà, mo sì ń kọ oókan lọ́wọ́ kan náà. Kí n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì, gbogbo wọn ti nímú. Ọwọ́ ẹni tó bá ń ro nǹkan mìíràn, ilé rẹ̀ ló ń padà sí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo tẹ̀ lé Màmá Tíṣà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Àǹgílíkà ni wọ́n. Àgùdà ni èmi. Mo mọ ìgbà tí a máa ń dìde àti ìgbà tí a máa ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, mo sì rò pé Ọlọ́run kan náà ni. Wọ́n dìde, mo jókòó. Mo dìde, wọ́n ti jókòó. Ìgbà kan wà tí èmi nìkan dúró gedegbe láàárín gbogbo ìjọ, tí àlùfáà fi dákẹ́ díẹ̀ bóyá mo ní ẹ̀rí láti jẹ́.

Màmá Tíṣà fa bùbá mi. "Ẹ jókòó, sà."

N kò tètè jókòó. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Gbogbo wọn jókòó, èmi nìkan ni mo dúró. Oókan kan ṣoṣo láàárín òdo. Kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà tó ṣì mí mú fún eéje.

"Ẹ jókòó," ó tún wí.

Mo jókòó. Inú mi ti ń dùn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, n kò mú ṣọ́ọ̀kì dání. Dókítà wà ní ìjókòó rẹ̀ lẹ́yìn. Mo pe akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún síwájú pẹ̀lú àga wọn, mo tò wọ́n ní ìlà kan, kí wọ́n kọjú sí àwọn yòókù.

Mo sọ fún wọn pé kí kọ̀ǹpútà tó di orúkọ ẹ̀rọ, orúkọ iṣẹ́ ènìyàn ni. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìṣirò ni wọ́n ń ṣe fún ẹlòmíràn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, obìnrin sì pọ̀ nínú wọn. Orúkọ wọn ni ẹ̀rọ wá jogún.

"Lónìí, ẹ̀yin márùn-ún yìí ni kọ̀ǹpútà," mo ní.

Mo fún olúkúlùkù ní iye tirẹ̀. Ẹni tó wà ní ìparí lápá ọ̀tún àwọn tó ń wò wọ́n, ìyẹn Dámilọ́lá, jẹ́ ọ̀kan. Ẹni tó tẹ̀ lé e jẹ́ méjì, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ mẹ́rin, lẹ́yìn náà mẹ́jọ. Ọmọkùnrin gíga kan tó wà ní ìparí lápá òsì jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Ẹni tó bá dìde ti di oókan, a ó ka iye rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó ti di òdo, a kò ní kà á.

"Márùn-ún," mo ní.

Wọ́n wo ara wọn. Mẹ́rin dìde, Dámilọ́lá dìde.

"Mẹ́wàá."

Àwọn yẹn jókòó. Mẹ́jọ dìde pẹ̀lú méjì.

"Sà," ọmọ gíga náà ní, "láti àárọ̀ ni mo ti jókòó. N kò tíì ríṣẹ́ ṣe."

"Ogún."

Òun àti mẹ́rin dìde. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un bí ẹni tó gba ẹ̀bùn.

Láti ibẹ̀ ni mo ti bá ìtàn náà lọ. Ohun tí àwọn ọmọ wọ̀nyí fi orúnkún ṣe, ẹ̀rọ kọ́kọ́ fi irin tó ń ṣí tó ń pa dé ṣe é. Lẹ́yìn náà ó fi gílóòbù ṣe é, tí ẹ̀rọ kan ṣoṣo fi lè gba gbogbo ilé ńlá. Lẹ́yìn náà ni ohun tó ń dìde tó ń jókòó yìí wá kéré títí ojú kò fi lè rí i mọ́, tí àìmọye wọn fi wà nínú fóònù tí àwọn ọmọ náà gbé pamọ́ sábẹ́ tábìlì tí wọ́n rò pé n kò rí. Orúnkún ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà náà ni Dókítà sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe méje."

Ẹnìkan fi ọwọ́ bo ẹnu. Àwọn márùn-ún ń ṣírò. Dámilọ́lá kọ́kọ́ dìde, méjì dìde tẹ̀ lé e, mẹ́rin sì dìde. Àwọn mẹ́ta dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Mẹ́jọ àti ọmọ gíga náà jókòó.

Dámilọ́lá wo ara rẹ̀, ó wo àwọn méjì yòókù.

"Sà. Oókan mẹ́ta ló ṣe eéje."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Tí ẹ bá wá fi ọwọ́ yín kọ ọ́ sí pátákó ńkọ́?"

"Ẹ máa rí eéje mẹ́ta."

Ẹ̀rín náà pẹ́. Mo gbọ́ ti Dókítà nínú rẹ̀, ó wúwo ju tiwọn lọ. Nígbà tí a jáde, ó ní, "Níbo ni ẹ ti kọ́ èyí, sà?"

"Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mà."

Kí ọ̀sán náà tó tán, ó fún mi ní lẹ́tà. Mo kà á lójú rẹ̀. Wọ́n ní kíláàsì náà ti di tèmi. Wọ́n ní gẹ́gẹ́ bí mo ti béèrè nínú fọ́ọ̀mù mi, wọ́n gbà mí fún ọdún méje, tí a ó máa yẹ̀ wò lọ́dọọdún.

Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì.

"Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá síbí, ọdún kan ni wọ́n máa ń kọ," Dókítà ní. "Bí wọ́n bá ti rí Àkúrẹ́ tàbí Èkó, wọ́n ti lọ. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ kọ méje. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé ẹni tó ní ọdún méje lọ́kàn fún wa, kò yẹ kí a fi ọjọ́ kan ṣoṣo lé e lọ."

Mo ká lẹ́tà náà, mo fi í sápò.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo ka lẹ́tà náà sétí Àbẹ̀kẹ́. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

"Bàbá, oókan lẹ kọ."

"Oókan ni mo kọ."

"Wọ́n kà á sí eéje."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ ò wá sọ fún wọn?"

"N kò tíì sọ."

Mo gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó rán nǹkan díẹ̀, ó dúró, ó tún rán díẹ̀.

"Ohùn yín ti yàtọ̀," ó ní. "Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tẹ́lẹ̀, 'bẹ́ẹ̀ ni' àti 'bẹ́ẹ̀ kọ́' lẹ máa ń sọ tí ẹ ó sì pa fóònù. Nísinsìnyí ẹ ń sọ ìtàn." Ó tún rán díẹ̀. "Ẹ lọ ṣe àtúnṣe rẹ̀ lọ́la. Èyíkéyìí tí ẹ bá ṣe, kó hàn gbangba. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ṣì yín kà mọ́."

"Màá ṣe é."

"Bí ẹ bá sì pẹ́ níbẹ̀, màá wá wo ulé yẹn."

Bó ṣe pè é gan-an nìyẹn, bí ọmọ Ìjerò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dé ọ́fíìsì akọ̀wé kó tó ṣílẹ̀kùn. Nígbà tó dé, mo ní kó bá mi mú fọ́ọ̀mù mi jáde.

"Ṣé àṣìṣe wà níbẹ̀ ni, Bàbá?"

"Ó wà."

Ó ṣí fáìlì síwájú mi. Oókan mi wà níbẹ̀, níbi tí mo kọ ọ́ sí lọ́jọ́ tí mo dé. Ó gbé imú sókè, ó ń gbóòórùn ọbẹ̀. Mo wò ó díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo yọ bírò, mo fa ìlà kan gba ìdí rẹ̀ kọjá, bí a ti ń ṣe fún eéje ní Kétu.

Akọ̀wé náà na ọrùn wò ó. "Kí lẹ ṣe sí i yẹn, sà?"

"Mo fún un ní ìgbàjá," mo ní, mo sì dá fáìlì padà fún un.